Gbígba Èsì Lẹ́nu Àwọn Tó Ń Gbá Géèmù: Orí Kan fún Ẹni Tó Ń Ṣe Géèmù Àyíká fún Ìgbà Àkọ́kọ́

Nígbà tí Ultima Online, géèmù kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń gbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, jáde lọ́dún 1997, àwọn tó ṣe é ti kó odindi igbó sínú rẹ̀: ẹranko tó ń jẹ koríko, ẹranko tó ń pa ẹranko jẹ, oúnjẹ tó ń tán àti oúnjẹ tó ń hù padà. Ọ̀pọ̀ àkókò ni wọ́n fi tò ó kó lè dúró. Àmọ́ bí èrò ṣe rọ́ wọlé, gbogbo ohun tó ń mí ni wọ́n ń pa. Kí ẹranko kan tó bímọ, wọ́n ti ṣá a balẹ̀. Richard Garriott, tó ṣíwájú iṣẹ́ náà, ti sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà tí apá kò ká a mọ́, ńṣe ni wọ́n yọ ètò igbó náà kúrò.

Àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe géèmù. Ohun tó dúró ṣinṣin lọ́wọ́ ẹni tó tò ó ni kò dúró lọ́wọ́ ẹni tó wá gbádùn ara rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe géèmù àyíká, ìyẹn géèmù tí ewéko àti ẹranko ti gbára lé ara wọn, fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò pàdé irú rẹ̀, ì báà jẹ́ ní kékeré. Orí yìí wà láti tọ́ ọ sọ́nà: bó ṣe máa gba èsì lẹ́nu àwọn tó gbá géèmù rẹ̀, bó ṣe máa yẹ èsì náà wò, àti bó ṣe máa tún nǹkan ṣe láìba èyí tó ti dára jẹ́.

Ohun kan ni kó dì mú látòkèdélẹ̀. Ẹni tó ń gbá géèmù mọ ibi tó ti sú u, ibi tó ti rú u lójú àti ibi tó ti dùn mọ́ ọn, kò sì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn lórí ìyẹn. Àtúnṣe tó bá dábàá ni kì í sábà jẹ́ ojútùú. Nínú géèmù àyíká, ọ̀rọ̀ yìí le ju ti géèmù mìíràn lọ, torí pé nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a bá fọwọ́ kàn á mi gbogbo ìyókù.

OHUN ÈLÒ TÓ YẸ KÓ WÀ NÍLẸ̀

• Ẹ̀dà géèmù tó ní nọ́ńbà. Kí nọ́ńbà náà, bíi 0.3.1, máa hàn ní igun ojú géèmù, kó lè wà nínú gbogbo àwòrán tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Èsì tí a kò mọ ẹ̀dà tó ń sọ nípa rẹ̀ kò ṣeé lò.

• Àkọsílẹ̀ tí géèmù ń ṣe fúnra rẹ̀. Fáìlì kékeré kan ni, tí yóò máa kọ iye koríko, iye ẹranko kọ̀ọ̀kan àti gbogbo ohun tí ẹni tó ń gbá a ṣe, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú géèmù. Kí nọ́ńbà seed, ìyẹn nọ́ńbà tí géèmù fi ń to ayé rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, wà lókè rẹ̀, kí olùṣe lè tún dá ayé yẹn gan-an sílẹ̀. Bí owó tàbí àkókò bá máa fa ohunkóhun yọ nínú ohun èlò wọ̀nyí, kó má ṣe jẹ́ èyí.

• OBS Studio fún gbígba ohùn àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

• Ìwé, bírò àti aago.

• Fọ́ọ̀mù tí kò ju ìbéèrè márùn-ún lọ. Google Forms tó.

• Tábìlì kan lórí Google Sheets tàbí LibreOffice Calc, níbi tí gbogbo èsì yóò ti pàdé.

• Kọ̀ǹpútà tí kò lágbára. Géèmù tó ń ka ẹgbẹ̀rún ẹranko lẹ́ẹ̀kan náà lè yá gágá lórí ẹ̀rọ olùṣe, kó sì máa wọ́ lórí ti ẹlòmíì. Bó bá ń wọ́, èsì tí yóò wọlé á kàn jẹ́ ẹjọ́ ẹ̀rọ.

• Bọ́tìnnì èsì nínú géèmù, bó bá ṣeé ṣe. Àwọn tó ṣe Subnautica, géèmù abẹ́ òkun tó wà lọ́jà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà ìdánwò láti 2014 títí di 2018, fi irú rẹ̀ sí i: ẹni tó ń gbá a á tẹ bọ́tìnnì kan, á yan ojú tó ń rẹ́rìn-ín tàbí èyí tó fajú ro, á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó parí. Ẹni tí kò ní kọ lẹ́tà láéláé á tẹ bọ́tìnnì.

ÌGBÉSẸ̀

1. Kí olùṣe kọ́kọ́ kọ ohun tó fẹ́ kí géèmù náà ṣe sílẹ̀, ní gbólóhùn kan tàbí méjì. Bí àpẹẹrẹ, fún géèmù kan tó jẹ́ erékùṣù tí koríko, ehoro àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń gbé: “Ẹni tó bá gbá a fún ìgbà àkọ́kọ́ á pàdánù erékùṣù kan, á mọ ohun tó pa á, á sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn.” Gbólóhùn yìí ni yóò fi máa wọn gbogbo èsì. Bí kò bá sí, ẹni tó bá pariwo jù ló máa darí géèmù.

2. Kí erékùṣù kọ́kọ́ dá wà láìsí èèyàn. Kí olùṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sáré gbé géèmù náà ní ìgbà 100, kí seed rẹ̀ máa yàtọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá kú tán kó tó pé ọgbọ̀n ọjọ́ nínú ìdajì wọn, kò tíì yẹ kó pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tuntun kì í jẹ́ tuntun lẹ́ẹ̀mejì. Kò dáa kí a fi ojú rẹ̀ ṣòfò lórí ohun tí ẹ̀rọ lè sọ fúnni.

3. Kó yan àwọn tó máa gbá a. Ọ̀nà mẹ́ta ni kó pín wọn sí: àwọn tó fẹ́ràn géèmù ọgbọ́n-orí, àwọn tí kì í gbá géèmù rárá, àti ẹnì kan tàbí méjì tó mọ̀ nípa ẹranko àti oko. Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa ìrọ̀rùn ìlò ètò kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ lọ́dún 2000 pé èèyàn márùn-ún ti tó láti fi rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń rú èèyàn lójú nínú ètò kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni fún bọ́tìnnì àti àkọlé. Fún ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ẹranko, márùn-ún kéré. Ó máa ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn kí àṣà tí ń ba erékùṣù jẹ́ tó hàn. Nítorí náà, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú márùn-ún tó lè jókòó tì, kó tó fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sí èrò púpọ̀ nípasẹ̀ ìkànnì itch.io tàbí ètò Steam Playtest. Bí Terra Nil, géèmù ìtúnlẹ̀ṣe tí Free Lives ti Gúúsù Áfíríkà ṣe, ṣe rìn náà nìyẹn: ẹ̀dà kékeré ti wà lórí itch.io fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gbá a, kó tó di odindi géèmù lọ́dún 2023.

4. Kó jókòó, kó sì panu mọ́. Ken Birdwell, tó wà lára àwọn tó ṣe Half-Life, géèmù ilé iṣẹ́ Valve tó jáde lọ́dún 1998, ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹni tó ṣe apá kan nínú géèmù á jókòó ti àlejò tó ń gbá a, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ tọ́ka sí nǹkan kan. Ó ní ìjókòó wákàtí méjì lè fa nǹkan bí 100 ohun tó yẹ ní títúnṣe jáde. Kí olùṣe géèmù àyíká ṣe bẹ́ẹ̀. Kó máa kọ aago sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹni náà bá dákẹ́, tó bá mí kanlẹ̀, tó bá tẹ ohun tí kò ṣeé tẹ̀, tàbí tó bá bú ẹranko. Bí ẹni náà bá bèèrè ọ̀rọ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: “Kí lẹ rò pé ó máa ṣe?”

5. Lẹ́yìn náà ni kó bèèrè ìbéèrè, kì í ṣe ṣáájú. Márùn-ún yìí ti tó: Kí lẹ rò pé géèmù náà fẹ́ kí ẹ ṣe? Kí ló pa erékùṣù yín? Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ fura pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́? Kí lẹ fẹ́ ṣe tí kò gbà fún yín? Ibo lẹ ti ronú láti pa á tì? Kó má bèèrè bóyá ó dùn. Ojú á ti ẹni tó jókòó ti olùṣe láti sọ pé kò dùn.

6. Kó gbé ọ̀rọ̀ ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ àkọsílẹ̀. Ibí ni iṣẹ́ wà, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ wò ó.

Ká padà sí géèmù erékùṣù tó wà ní ìgbésẹ̀ kìíní. Ẹnì kan gbá a, erékùṣù rẹ̀ kú, ó ní: “Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yìí ti lágbára jù. Ẹ dín in kù.” Olùṣe ṣí fáìlì. Lọ́jọ́ 20, ehoro jẹ́ 60, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ 4, koríko sì bo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀. Lọ́jọ́ 34, ehoro ti di 210, koríko ti já sí ìdá 18. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹni náà tú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ 5 sí i, torí ó rí i pé ehoro ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ 41, ehoro ku 30, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ́ 19. Lọ́jọ́ 50, kò sí ohun alààyè kankan mọ́.

Ta ló pa erékùṣù? Fáìlì náà fi hàn pé nínú ehoro 180 tó ṣòfò láàárín ọjọ́ 34 sí 41, ebi ló pa èyí tó pọ̀ jù. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kàn jẹ àjẹkù ni. Ó tún fi hàn pé ẹni náà kò ṣí àwòrán tó ń fi iye koríko hàn wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí olùṣe bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu, tó dín agbára kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kù, ehoro á tún pọ̀ sí i, koríko á tètè tán, erékùṣù á sì yára kú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tó yẹ ni kí ilẹ̀ máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láti ìgbà tí koríko bá ti wálẹ̀ sí ìdá 40, kí ojú lè rí i láìṣí àwòrán kankan.

Kí ló fà á tí ẹ̀bi fi máa ń bọ́ sọ́rùn ẹranko apẹranjẹ? Onímọ̀ méjì, Alfred Lotka lọ́dún 1925 àti Vito Volterra lọ́dún 1926, oníkálukú lọ́tọ̀, fi ìṣirò hàn pé iye apẹranjẹ kì í dé góńgó lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú iye ẹran tó ń pa jẹ. Ẹ̀yìn ló máa ń dé e. Nígbà tí ehoro bá ń já wálẹ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló kún ojú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ẹni tó ń gbá a rí gbẹ̀yìn ló máa dárúkọ. Nítorí náà, nígbàkigbà tí èsì bá fẹ̀sùn kan ẹranko kan, kí olùṣe padà sí ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún ṣáájú nínú àkọsílẹ̀, kó tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan.

7. Kó to èsì sínú tábìlì. Ìlà kọ̀ọ̀kan fún èsì kan, òpó mẹ́fà: nọ́ńbà ẹ̀dà, ọ̀rọ̀ ẹni náà gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ohun tí wọ́n rí i tó ṣe, ohun tí àkọsílẹ̀ sọ, ohun tí olùṣe rò pé ó fà á, àti ìpinnu. Kó wá fi àmì sí ẹgbẹ́ tó wà: àbùkù ètò, ohun tí kò hàn kedere, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, tàbí ohun tó wu ẹni náà lásán. Àbùkù ètò ni kó kọ́kọ́ tún ṣe, kó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ohun tí kò hàn kedere, kó tó dé orí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì máa ń pòórá fúnra wọn nígbà tí ohun tó fara sin bá ti hàn.

Bí èrò bá ti pọ̀, nọ́ńbà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Casey Yano àti Anthony Giovannetti, tí wọ́n fi géèmù káàdì Slay the Spire sọ́jà ní ẹ̀dà ìdánwò lóṣù kọkànlá ọdún 2017, máa ń wo káàdì tí èèyàn ń mú, èyí tí wọ́n ń fi sílẹ̀ àti èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn tó borí, kí wọ́n tó ṣàtúnṣe. Ẹnu àwọn èèyàn ni wọ́n ti ń mọ bó ṣe rí lára wọn, nọ́ńbà sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ bó ṣe wọ́pọ̀ tó. Ẹni tó ń ṣe géèmù àkọ́kọ́ náà lè ṣe é pẹ̀lú fáìlì ogún èèyàn péré.

8. Kó yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn àyípadà kọ̀ọ̀kan, kó tún ìgbésẹ̀ kejì ṣe pẹ̀lú àwọn seed ti àkọ́kọ́, kó sì fi èsì méjèèjì wéra. Kódà nínú ayé gidi, ó ṣòro láti mọ ohun tó fa nǹkan nígbà tí ohun púpọ̀ bá yí padà pọ̀. Wọ́n kó ìkookò 31 láti Kánádà wá sí ọgbà Yellowstone ní Amẹ́ríkà láàárín 1995 sí 1996, iye àgbọ̀nrín elk tó wà níbẹ̀ sì já wálẹ̀ gan-an lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ìkookò nìkan kọ́: béárì wà níbẹ̀, ọ̀dá dá, àwọn ọdẹ sì ń yìnbọn lẹ́yìn ọgbà, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn lé ìpín kálukú wọn dòní. Olùṣe géèmù ní àǹfààní tí àwọn onímọ̀ yẹn kò ní: ó lè dá ayé rẹ̀ padà sí ọjọ́ kìíní. Kó lò ó.

9. Kó padà sọ́dọ̀ àwọn tó fún un lésì. Kó sọ ohun tó yí padà fún wọn, ohun tí kò yí padà, àti ìdí rẹ̀, ní gbólóhùn kúkúrú. Kó tún wá ẹni tuntun kún wọn, torí àwọn ti àkọ́kọ́ ti mọ ọ̀nà.

ÌKÌLỌ̀

Iná tó ń ṣẹ́jú léwu. Lóṣù Kejìlá ọdún 1997, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé dèrò ilé ìwòsàn ní Japan nítorí iná pupa àti búlúù tó ń ṣẹ́jú kíákíá nínú eré Pokémon kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Géèmù àyíká kún fún mànàmáná, iná igbó àti òjò. Kí ohunkóhun tó bá gba ojú kọ̀ǹpútà má ṣẹ́jú ju ìgbà mẹ́ta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí bọ́tìnnì tó lè pa á wà, kí olùṣe sì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gbá a bóyá wárápá ti ṣe é rí, kó tó tan ẹ̀rọ. Bí ojú bá ń ro ẹnikẹ́ni tàbí òòyì ń kọ́ ọ, kí ìdánwò dópin lójú ẹsẹ̀.

Ohùn àti ojú èèyàn kì í ṣe ohun tí a ń gbà sílẹ̀ láìgbàṣẹ. Kí àṣẹ náà wà ní kíkọ, kó sọ ohun tí wọ́n máa gbà sílẹ̀, ẹni tó máa rí i àti ìgbà tí wọ́n máa pa á rẹ́. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 dé ọ̀rọ̀ yìí, ó sì béèrè àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ bó bá jẹ́ ọmọdé. Kí fáìlì àkọsílẹ̀ má ní orúkọ ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà tó.

Kí olùṣe má fi géèmù ránṣẹ́ bíi fáìlì lásán láti fóònù dé fóònù. Bí ẹlòmíì bá fi fáírọ́ọ̀sì sínú ẹ̀dà kan lọ́nà, orúkọ olùṣe ló máa bàjẹ́. Kó jẹ́ kí gbogbo èèyàn gbà á láti ojú kan. Kó tún sọ bí géèmù náà ṣe tóbi tó, torí owó dátà ló ń ná ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́.

Kó fi ìwọ̀n sí eré géèmù, bíi àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, títí kan ojú ìwé àkọ́kọ́. Bí kò bá sí ìwọ̀n, ẹ̀rọ èèyàn á máa gbóná lásán, bátìrì rẹ̀ á sì tán.

Ọ̀rọ̀ líle á wá. Kó má dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ tó kà á. Kó yọ èébú kúrò, kó wo bóyá ẹ̀sùn gidi wà nínú rẹ̀, kó kọ ẹ̀sùn náà sínú tábìlì bíi ti àwọn yòókù. Bó bá jẹ́ ìhàlẹ̀ mọ́ni, kì í ṣe èsì rárá. Kó fi ẹ̀rí pamọ́, kó dí ẹni náà lọ́nà.

ÀṢÌṢE TÓ WỌ́PỌ̀

Ẹbí àti ọ̀rẹ́ nìkan. Ìfẹ́ á mú kí wọ́n yìn ín, kí wọ́n sì fara da ohun tí àlejò kò ní fara dà.

Kíka èsì bí ìbò. Bí èèyàn mẹ́sàn-án bá ní ìyàn ti pọ̀ jù, tí ẹnì kan sì ní òun kò mọ̀ pé ehoro ń mu omi, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan yẹn ló ṣàlàyé mẹ́sàn-án.

Gbígbọ́ ti ògbóǹkangí nìkan. Ẹni tó ti gbá a fún ogójì wákàtí á ní ó ti rọrùn jù, òótọ́ ló sì sọ fún ara rẹ̀. Bí olùṣe bá mú un le fún un, ẹni tuntun ò ní rí ọjọ́ kẹwàá. Kí ìpele líle wà lọ́tọ̀ fún ògbóǹkangí.

Gbígbàgbé àwọn tó dákẹ́. Ẹni tó pa géèmù ní ìṣẹ́jú kẹfà tí kò sì kọ nǹkan kan ti fèsì. Kí olùṣe to àkókò tí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan dáwọ́ dúró, kó wo ibi tí wọ́n pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni ìlẹ̀kùn tí èèyàn ń bá jáde.

Kíkọ àlàyé gùn. Nígbà tí ohun kan bá rú èèyàn lójú, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ni láti kọ ojú ìwé ẹ̀kọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ kì í kà á. Kí koríko pọ́n, kí egungun ehoro hàn, kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ebi bá ń pa á. Ìyẹn á yé èèyàn ju ìwé lọ.

Sísọ pé “bó ṣe rí nínú ayé gidi nìyẹn.” Bí èèyàn bá ní kò dùn kí ìyàn gbé erékùṣù lọ láìsí àmì kankan, pé ó ń ṣẹlẹ̀ níta kì í ṣe èsì fún un. Lọ́wọ́ kejì, bí ẹni tó mọ oko bá ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kì í jẹ koríko, kí olùṣe yẹ̀ ẹ́ wò, torí àwọn ọmọdé á gba ohun tí géèmù bá fi hàn gbọ́.

ÌGBÀ TÓ YẸ KÍ ÌDÁNWÒ DÚRÓ

Kí olùṣe padà sí gbólóhùn tó kọ ní ìgbésẹ̀ kìíní. Bí èèyàn tuntun márùn-ún bá gbá a tẹ̀ léra, tí mẹ́rin nínú wọn sọ ohun tó pa erékùṣù wọn, tí àkọsílẹ̀ sì gbè wọ́n lẹ́yìn, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ erékùṣù kejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rọ̀ wọ́n, ẹ̀dà náà ti tó gbé jáde. Èsì tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn á lọ sínú ẹ̀dà tó ń bọ̀. Kí ó tó tẹ bọ́tìnnì ìtajà, kó pa ohùn àti fídíò tó ti ṣèlérí láti pa rẹ́, kó fi ẹ̀dà tábìlì èsì pamọ́ síbi méjì, kó sì kọ orúkọ gbogbo àwọn tó bá a dán an wò, tí wọ́n gbà kí orúkọ wọn hàn, sí ojú ìwé ọpẹ́ nínú géèmù náà.